Ẹ̀dà

Táìlì kan já lára ògiri ilé àwọn Seabra ní Koimbra,
ó fọ́ sí mẹ́ta; ìdá kan bá ìgbálẹ̀ lọ.
Wọ́n fi aṣọ ìnura gbé méjì tó kù wá fún Deolinda,
bí ẹni gbé ọmọ ẹyẹ tó já bọ́ láti inú ìtẹ́.
Ẹyẹ ni wọ́n yà sí i lóòótọ́, aláwọ̀ aró:
orí rẹ̀ wà, ìyẹ́ rẹ̀ wà,
ẹsẹ̀ ni kò sí.

"Bá wa ṣe ẹ̀dà rẹ̀," ni ìyá arúgbó ilé náà wí.
"Kó má yàtọ̀. Bí ó bá yàtọ̀, màá mọ̀."

Ó gbé àkàbà, ó lọ wo àwọn yòókù lára ògiri.
Ẹyẹ mọ́kànlélógójì.
Òmíràn ní ìka ẹsẹ̀ mẹ́ta, òmíràn mẹ́rin,
ọ̀kan wà lókè fèrèsé tó ní márùn-ún bí èèyàn.
Ọwọ́ kan ló kùn wọ́n, tàbí ọwọ́ mẹ́wàá, ta ló mọ̀?
Bébà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ lu, tí wọ́n ń gbọn èédú lé lórí,
ti jẹrà láti bí igba ọdún.
Ẹ̀dà ni gbogbo wọn. Wọn ò ní baba nílé.

Lálẹ́, Zeferino ọmọ rẹ̀ dé láti yàrá àyẹ̀wò, kò jẹun.
Ọ̀gá rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé pé irúgbìn lẹ́tíúsì
tí a bá tan iná pupa sí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá
yóò fi ọjọ́ méjì hù ṣáájú ẹgbẹ́ rẹ̀.
Zeferino tún un ṣe. Omi kan náà, irú àwo kan náà,
ó tilẹ̀ lọ ra irú gílóòbù ọ̀gá.
Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé. Irúgbìn ò dá a lóhùn.
"Màmá, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré,
ṣé ó ṣẹlẹ̀?"
Deolinda ń fọ búrọ́ṣì. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bí ọ."

Eufémia àbúrò rẹ̀ ti gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu dókítà:
sẹ́ẹ̀lì a máa da ara rẹ̀ kọ, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti inú oyún;
bí lẹ́tà kan bá ṣì, nǹkan kan wà nínú ara tó ń pa á rẹ́.
Ọ̀kan ló yọ́ kọjá, lábẹ́ ọmú òsì,
kò sì mọ ìgbà tí à ń sinmi.
"Kò kórìíra mi," ni Eufémia wí, ó ń bó ọsàn,
"ìtara ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Amílcar ọkọ Eufémia ló ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó
sínú ẹ̀rọ mẹ́ta, ní ìlú mẹ́ta,
kí iná má baà jó ilé kan kó jó ìrántí gbogbo wa.
Akọ̀wé kan fi ìka ṣìṣe, ó kọ "olóògbé" mọ́ orúkọ alààyè.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkùnrin náà ti kú ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Dà: ọ̀rọ̀ kékeré.
A da omi, a da ìwé kọ, a da ọ̀rẹ́,
ọmọ dàgbà, ó dà bíi bàbá rẹ̀,
a wá bàbá títí, a ní: ó dà?
Ẹ̀dá àti ẹ̀dà, ohùn kan ṣoṣo ló là wọ́n láàrin.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ààrò ba táìlì náà jẹ́.
Àkọ́kọ́ sán. Aró èkejì mọ́ jù, ó ń dán bí irọ́.
Nígbà kẹta, Deolinda jẹ́ kí ọwọ́ òun gbọ̀n díẹ̀.
Ó kun ìka mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ ìkẹrin, ó fi í sílẹ̀ ní tótó kan.
Ó fi ìṣó ha orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn,
níbi tí sìmẹ́ǹtì yóò gbé mì.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, òjò ń ṣẹ́ lórí odò Mondego.
Eufémia wá wò ó, fìlà òwú lórí rẹ̀ tó ti pá.
Ìyá arúgbó wọ awò ojú rẹ̀, ó wo ògiri lọ, ó wò ó bọ̀.
"Tuntun dà?"
Ìgbà tó pẹ́, ó na ọ̀pá sí ẹyẹ oníka márùn-ún lókè fèrèsé:
"Òun nìyẹn. Mo ní màá mọ̀."
Deolinda gba owó rẹ̀, ó dúpẹ́,
ó ká àkàbà.