Agbọ̀n Pòtétò

Ní Finnmark, lókè téńté ayé,
oòrùn a máa kó ẹrù rẹ̀ lọ ní ìparí oṣù kọkànlá,
kì í padà títí oṣù kìíní yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà.
Báríkì wa a wá dà bí ẹ̀wà kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ìkòkò dúdú.
Èmi Torgeir ni mò ń se oúnjẹ níbẹ̀.
Ọdún mọ́kànlélógún. Mo mọ ẹni tó ń bu iyọ̀ kó tó tọ́ ọbẹ̀ wò,
mo mọ ẹni tí àyà rẹ̀ ń já nípa bó ṣe di ṣíbí mú.

Ní ọdún kẹsàn-án mi, ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná,
aago méjì òru, yìnyín lórí bàtà.
Ragnfrid lórúkọ, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé pòtétò kan wà tí mo lè bó?"
Mo gbé agbọ̀n fún un. Mo fún un lọ́bẹ.
N kò bi í pé kí ló lé e kúrò lórí ibùsùn.
Ó bó èèpo tín-ín-rín,
bí ẹni tí kò fẹ́ kí agbọ̀n tán.
Òru mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́nu géètì,
wọ́n ní òtútù ni kò bá a lára mu.
Òtútù!
Mo gbọ́, mo bu omi sí ọbẹ̀.

Kí n má purọ́, mo ti mọ̀.
Mo mọ sájẹ́ńtì tó ń pè é ní "oyin mi" níwájú gbogbo wa,
tí gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, tí èmi náà ń rẹ́rìn-ín.
Mo mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwẹ̀ ti bàjẹ́,
pé gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì ti kú.
Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí;
ìkòkò ni mo fi tèmi ṣọ́.

Lọ́dún yìí, Risten ló kan ilẹ̀kùn,
ọmọ àwọn Sámi tó ń da àgbọ̀nrín lórí yìnyín,
ọmọ tó lè gbóòórùn ìjì kó tó dé.
"Pòtétò dà?"
Ọwọ́ mi ti wà létí agbọ̀n.
Mo gbé e padà sílẹ̀. Mo pa iná ààrò. Mo fa àga.
"Pòtétò ò ní sá lọ. Ta ni?"

Ó dákẹ́. Firíìjì ń kùn.
"Bí o kò bá fẹ́ sọ, má sọ.
Ṣùgbọ́n wàá bá mi níbí lọ́la, màá sì tún bi ọ́."
Ó pẹ́ kó tó dárúkọ. Ẹni tí a jọ ń jẹun ni,
ẹni tó máa ń yin ẹja mi.
Kò tíì fọwọ́ kàn án.
Ó kàn ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn lóru ni,
ó ń ka èémí wọn.

"Kò tíì ṣe nǹkan kan," ni ọ̀gá àgbà kọ́kọ́ wí.
Mo ní, "Ọ̀gá, ṣé ó dìgbà tí ilé ìdáná bá jó tán kí n tó pariwo iná?"
Obìnrin náà wò mí. Ó fa bírò.
Mo dúró, pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù lọ́rùn, títí ó fi fọwọ́ sí i.

Wọ́n kó ọkùnrin náà kúrò kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀.
Káfíńtà dé, ó tún kọ́kọ́rọ́ ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.
Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá! Ọdún méjìlá la fi ń sọ pé kò sí àyè.
Àwọn kan ò kí mi mọ́; wọ́n ń gba ọbẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀.
Olófòófó ni wọ́n ń pè mí. Mo ń jẹ́ ẹ.

Risten ṣì máa ń wá, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́,
ó ń bó èèpo nípọn-nípọn, ó ń fi pòtétò ṣòfò,
mò ń bú u, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti kọ lẹ́tà sí Ragnfrid.
N kò mọ àdírẹ́sì.
Ó wà nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ ọ̀bẹ kékeré yẹn.