Dígí Yàrá Ẹ̀yìn

Ọjọ́ tí bọ́ọ̀lù Kámálù la dígí náà já,
gbogbo Pàkàtà ló gbọ́, èmi nìkan ni mi ò pariwo.
Mo ní, "Ṣé kò gé ọ?"
Ó ní rárá. Ó fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn.
Ó gé e.

Mo fi páálí Indómíì dí ojú fèrèsé,
mo ní títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di oṣù, oṣù di ọyẹ́,
ọyẹ́ wọlé bí àlejò tí kì í bọ́ bàtà:
eruku nínú ìrẹsì, eruku lábẹ́ ẹní ìkírun.
Páálí ń pàtẹ́wọ́ lóru, pà, pà, pà,
bíi pé ẹnì kan ṣe ohun ìwúrí nínú òkùnkùn.

Nígbà ayé Bàbá Múnírà
dígí kì í sùn ní fífọ́ nínú ilé yìí.
Kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, ó ti gun àpótí,
ìṣó mẹ́ta láàárín ètè.
Mo máa ń rò pé ìṣó ni kò jẹ́ kó dá mi lóhùn.

Mo mú òwú ìránṣọ, mo wọn ìbú, mo wọn òró,
mo ta kókó síbi tó parí,
ó di ọ̀dọ̀ Wòlíù onídígí ní Ọjà Tuntun.
Ó wo òwú mi, ó rẹ́rìn-ín:
"Ìyá, òwú ń nà. Dígí kì í nà."
Mo ní, gé e bí kókó ṣe wí.
Ó fa irin rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan, fíìn,
bí ẹni fi èékánná fa ìlà sójú omi,
ó sì ṣẹ́ e.

Mo fi ìró àtijọ́ wé e, mo gbé e sáyà lórí ọ̀kadà.
Gbogbo kòtò tó wà láti Ọjà Tuntun dé Pàkàtà,
egungun mi ló kà wọ́n.

Mo fi ọ̀bẹ ẹ̀fọ́ ha pọ́tì àtijọ́.
Ó ti le bí eegun, ó ń já wẹ́wẹ́.
Nígun ìsàlẹ̀ lápá òsì, ọwọ́ mi dúró:
àtàǹpàkò kan wà nínú pọ́tì,
ìlà rẹ̀ ń yí po, ó ń yí po,
àpá kan sì dábùú rẹ̀,
àpá ayùn ọdún tí à ń kan òrùlé.
Láti ọjọ́ náà ló ti ń tẹ dígí mọ́ igi,
kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo fi tèmi lé e. Ó gbà mí, ó tún ṣẹ́kù.

Òwú nà lóòótọ́. Dígí kò wọlé nígun yẹn.
Múnírà pè láti Ọ̀fà: "Ẹ yọ igi yẹn dànù,
ẹ jẹ́ ká fi alumíníọ̀mù sí i."
Wòlíù ní, "Ìyá, ẹ ha pọ́tì yẹn, ó tán."
Mo ní, gé dígí.
"Dígí tuntun?"
Dígí tuntun. Gé igun rẹ̀ kan.
Ó wò mí bí ẹni wo ẹni tí oòrùn pa,
ó gé e, ó sì gba igba náírà sí i.

Kámálù di àpótí mú fún mi.
Mo fi ìṣó mẹ́ta há ètè.
Ọmọ náà ń béèrè ọ̀rọ̀, mi ò lè dáhùn.

Lóru, páálí kò pàtẹ́wọ́ mọ́.
Ilé dákẹ́ débi pé mi ò rí oorun sùn,
mo dìde, mo lọ fọwọ́ kan dígí:
ó tutù, ó dúró.

Láàárọ̀ Kámálù fi imú kàn án, ó ní,
"Ìyá àgbà, mo rí Òkè Ṣóbí!"
Irọ́ ni. Ọyẹ́ ti gbé òkè náà mì láti ọjọ́ mẹ́rin.
Síbẹ̀ mo sún mọ́ ọn, mo bá a wò ó.