Àtàǹpàkò

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ki ìka arúgbó bọ tàdáwà
ní ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì, ní Alágbàká.
Mú ọwọ́ wá. Tẹ̀ ẹ́ síbí. Nù ún. Ó yá, ẹlòmíì!
Bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Ìyá Olúwatúyì wọlé láti Ìjù.
Ó tẹ ìka tirẹ̀, kò kúrò níbẹ̀.
Ó tẹjú mọ́ ìwé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́:
"Ọmọ mi, wo odò."

Odò kẹ̀? Èrò kún ẹnu ọ̀nà,
fáànù ò ṣiṣẹ́, ebi sì ń pa mí.
Mo ṣáà bojú wolẹ̀.

Òrùka nínú òrùka nínú òrùka,
bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje
tí mo sọ òkò sínú odò Àlà,
tí mo dúró títí omi fi gbàgbé.

Mo ṣí fáìlì àná. Mo ṣí ti ìjẹta.
Ọ̀kan ń pòòyì bí ààjà,
ọ̀kan ká bí ìkarahun ìgbín,
àpá àdá la ọ̀kan já, bí ọ̀nà oko.
Kò sí méjì tó jọra.
Ọdún mọ́kàndínlógún! Kí ni mo ń wò látọjọ́ yìí?

Nílé, n ò tíì bọ́ bàtà
tí mo ti ń tẹ ìka sí gíláàsì fèrèsé,
sí ẹ̀yìn bébà owó iná.
Mofíyìn ní, "Màámi, kí lẹ ń wá?"
Mo ní kó mú tirẹ̀ wá.
Iná lọ. A tan tọ́ọ̀ṣì.
Ọbẹ̀ jóná díẹ̀.