Òṣùpá Òṣogbo

"Àwẹ̀ró, káàdì dé!"
Oṣù mẹ́ta láti Fínláǹdì,
etí rẹ̀ ti ká bí etí ajá:
adágún omi dì bí òkúta,
bàbá kan jókòó lé e, ó ju ìwọ̀ sínú ihò.
Mo ní irọ́ ni.

Èyí tí mo fi ránṣẹ́, páálí ṣúgà ni.
Mo ya ilé rélùwéè wa sí i, ó wọ́;
àtàǹpàkò mi, tí aró ò tíì gbẹ lára rẹ̀,
tẹ igun òkè.
Ojú tì mí. Sítáǹbù ò tó bò ó.

Kaarina wáá kọ ọ́ wínníwínní:
"Rélùwéè yín dáa.
Òṣùpá aláró yẹn ńkọ́,
ṣé bẹ́ẹ̀ ló ń yọ ní Òṣogbo?"

Mo ti gé páálí mìíràn.
Mo wo ìkòkò aró,
mo wo ọwọ́ mi.