Kí Fọ́ọ̀mù Tó Padà

Àpótí méjì ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà,
àpótí kékeré, kò ju èékánná ọmọ-ìka lọ.
Èkíní: ọdún méjì sí i nídìí ìwé, ìdánwò àgbà,
bóyá yunifásítì lẹ́yìn rẹ̀.
Èkejì: iṣẹ́ ọwọ́.
Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọjà,
fọ́ọ̀mù ní kí n fi máàkì sí ẹyọ kan ṣoṣo,
kó padà dé ọwọ́ Ìyáàfin Prydderch lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́rú la wà yìí. Òjò ilẹ̀ Wéèlsì ò mọ ọjọ́ ìsinmi,
ó ń rọ̀ sórí àgùntàn, sórí katakata,
sórí ògiri tí yìnyín wó lóṣù Èrèlé
tí èmi àti bàbá àgbà ń tún mọ.
Kò sí sìmẹ́ńtì. Òkúta lórí òkúta.
"Ọ̀kan lórí méjì, méjì lórí ọ̀kan,"
gbogbo yunifásítì tí bàbá àgbà lọ nìyẹn.

Gethin ẹ̀gbọ́n mi lọ ní tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta ní Cardiff.
Ó dé fìlà onígun mẹ́rin, a ya fọ́tò,
fọ́tò ọ̀hún wà lókè sítóòfù, èéfín ti ń sọ ọ́ di pupa.
Páálí ló ń tò báyìí nílé ìkẹ́rùsí lóru,
gbèsè ilé-ìwé ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ajá tí ebi ń pa.
Bàbá mi kì í sọ ọ́. Ó kàn máa ń wo fọ́tò náà
bó bá ń da tíì.

Màmá ní, "Heledd, orí rẹ pé.
Èsì ìdánwò rẹ, mo fi han obìnrin ilé ìfìwéránṣẹ́,
mo fi han ẹni tó wá wo mítà."
Ṣé dandan ni kí orí tó bá pé kúrò nílé?
N ò bi í. Búrẹ́dì kún ẹnu mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìwé ni gbogbo nǹkan,
ẹ wá wo ọwọ́ bàbá àgbà.
Ó gbé òkúta, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ibi tó ń lọ.
Èmi á yí temi nígbà mẹ́fà, màá jù ú nù;
òun á he é, á fi sí àyè rẹ̀, á sì dákẹ́.
Inú mi ń dùn níbẹ̀. Kí n má parọ́.

Lọ́sàn-án ni òkúta kan là sí méjì lábẹ́ òòlù mi.
Ìkarahun ló wà nínú rẹ̀.
Ìkarahun òkun, ìlà rẹ̀ pé pérépéré
bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òòyà yà,
lórí òkè níbi tí a kì í ti í gbúròó òkun.
"Bàbá, báwo ni nǹkan odò ṣe gun òkè?"

Ó nu awò ojú rẹ̀. Ó wò ó títí.
"Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń rí wọn.
Ojú wọn ni mo máa ń kọ síta, kí ẹni tó ń kọjá lè rí wọn.
N ò mọ̀. Kò sẹ́ni tí mo rí bi léèrè."
Ó sì gbé òkúta mìíràn.

Kò sọ pé kí n lọ. Kò sọ pé kí n dúró.
Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju òjò lọ.

Ilẹ̀ ti ṣú. Fọ́ọ̀mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo bọ́tà.
Mo ti fa máàkì sí àpótí àkọ́kọ́.
Pẹ́ńsù ni mo fi fà á, kì í ṣe bírò.
Kì í ṣe nítorí fìlà. Kì í ṣe nítorí ẹni tó wá wo mítà.
Bọ́ọ̀sì aago méje ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri wa kọjá,
màá máa rí ibi tí wọ́n bá iṣẹ́ dé.
Ní Sátidé, ogún ẹsẹ̀ bàtà ṣì wà tí a ò tíì mọ.

Ìkarahun náà wà nínú àpò ẹ̀wù mi.
Ó tutù. Ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ.