Ẹja Tí Kò Ní Egungun

Àpótí ìwé dé láti Tórshavn lówùúrọ̀ Ọjọ́ Ajé,
iyọ̀ òkun ti gbẹ sí i lára.
Mo tú u. Ìwé tuntun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà,
àwòrán kún inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ.
Wọ́n ní ìtàn tí èmi náà kà lọ́mọdé ni,
pé wọ́n kàn bá àwọn ọmọ yọ egungun rẹ̀ ni.

Mo wá ojú ewé tí kùrukùru ti bo ọkọ̀ àwọn apẹja.
Nínú ìwé àtijọ́, orúkọ mẹ́ta ni kùrukùru ní:
èyí tó sùn sórí omi,
èyí tó dé orí òkè bíi fìlà,
èyí tó ń ti òkun rìn wọlé bí àlejò tí a kò pè.
Nínú tuntun: "Kùrukùru wà."
Ó parí.

Mo fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n mo rántí Høgni, ẹ̀gbọ́n mi.
Ìwé àtijọ́ yẹn gan-an ló há a lọ́fun.
Olùkọ́ ní kó dìde, kó kà á sókè;
ó dúró, etí rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ ń táràrà,
gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.
Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló bá ọkọ̀ apẹja lọ.
Títí dòní, ìyàwó rẹ̀ ní í bá a ka lẹ́tà báńkì.

Mo pín ìwé tuntun. Rókur kà á tán
kí tíì mi tó tutù. Ó yán.
"Tíṣà, ibi tó mọ nìyẹn?"

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fa ti àtijọ́ yọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já.
Bergljót náà sún mọ́ wa,
ẹni tí í kàwé bí ẹni ń rìn lórí yìnyín.
Ọ̀rọ̀ kan dá wa dúró. A pè é, ó yọ̀ bọ́.
A gé e sí méjì, a tún un so.
Àṣé ohun tí à ń kà ti wà lójú fèrèsé,
ó ń wọ èbúté bọ̀, ó ti gbé ọkọ̀ méjì mì,
ó kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì.
"Òun nìyí!" Bergljót fò dìde,
ó pe orúkọ rẹ̀ láìkọsẹ̀.

Kí ni n ó wá kọ sí àwọn aláṣẹ?
Kí wọ́n dá egungun padà, bẹ́ẹ̀ ni,
ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó ti ọmọ nídìí àwo?

Alẹ́ ti lẹ́. Ìwé náà wà lábẹ́ apá mi,
ẹnu ọ̀nà Høgni ni mo dúró sí.
Mi ò tíì kan ilẹ̀kùn.