Wákàtí Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ka iṣan lọ́rùn-ọwọ́ aláìsàn,
ìka méjì lórí awọ, ojú lára aago tí mo fi pín-ìnnì kọ́ sáyà.
N kò béèrè rí pé kí ló ń mú aago fúnra rẹ̀ mí.
Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, tí mo padà sí Ìkéré,
ni mo béèrè.

Aago bàbá mi ni mo kọ́kọ́ tú.
Ọ̀bẹ ìdáná ni mo fi ṣí ìdí rẹ̀,
bí ẹni ń ṣí agolo sadíìnì.
Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí dòní.

Bàbá Fámúàgún rí àpá náà, ó pòṣé.
Ó ti ń tún aago ṣe ní Odò-Ọjà kí iná mànàmáná tó dé;
ojú rẹ̀ ti wá di bàìbàì, fóònù sì ti kó oníbàárà rẹ̀ lọ.
“N kò kọ́ arúgbó ní uṣẹ́ rí,” ó ní.
Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n yá yín lójú, kí ẹ yá mi lọ́wọ́.”
Ó fẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi.

Má mí sórí iṣẹ́, ó ní. Omi wà nínú èémí.
Ìṣó tí kò tó hóró tẹ̀tẹ̀
kì í jábọ́ sílẹ̀ lásán; ìrìn àjò ló ń lọ.

A kì í tú aago lọ́sàn-án gangan ládùúgbò wa.
Bí ìyàwó Ajíbóyè bá ti sọ ọmọ odó sínú iyán,
tábìlì á gbọ̀n, àwọn ìṣó á máa rá lọ sétí.
Mo fi ìdérí Bọ́nfítà bò wọ́n, mo káwọ́ gbera,
títí iyán fi kúnná.
Wọ́n a bu díẹ̀ wá fún mi. Mo gbà á bí ìtanràn.

Lọ́jọ́ kan irin tín-ín-rín kan ta lẹ́nu ẹ̀mú.
Mo gbọ́ ọ: tín.
Mo fi eékún wá a, mo fi ajọ̀ gàrí ku eruku,
mo fi òòfà wọ́ ilẹ̀ yàrá láti ògiri dé ògiri.
Lọ́jọ́ kẹta ó wà nínú irun dídì mi.

Kẹ̀kẹ́ kan wà nínú aago tó ń lọ tó ń bọ̀,
ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.
Ká ní ènìyàn ni, ǹ bá ti sáré pe dókítà.

Ọjọ́ tí a dé ìdí okùn irin,
tó ká jọ bí ìgbín nínú ìkarahun,
Bàbá Fámúàgún fi ìka tọ́ ọ.
“Ọwọ́ ẹni tó yí i ló wà níbí.
Wákàtí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni yóò fi jẹ ẹ́ tán.”
Mo gbé ẹ̀mú sílẹ̀.

Bàbá mi a máa yí aago rẹ̀ ní méje àárọ̀, kó tó bọ́jú.
Ó yí i lọ́jọ́ Ẹtì yẹn náà. Ọyẹ́ bo orí Olósùnta.
Nígbà tí oòrùn yẹ̀,
mo di ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mú, mo ń kà, mo ń kà,
n kò rí nǹkan kà mọ́.
Aago ọwọ́ òsì kò tilẹ̀ gbọ́.

Ó ti ní ká má gbé òun sínú yìnyín.
Lọ́jọ́ Sátidé, bí wọ́n ti ń da erùpẹ̀,
agbára ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń rìn nínú àpò mi.
Ó dúró ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi sọ pé ó bàjẹ́.
Ebi ló pa á.

Lánàá mo fi orí abẹ́rẹ́ kan òróró sí i, mo dè é padà.
Mo yí i.
Ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́fà ṣáájú rédíò.
Bàbá Fámúàgún ní ká fà á sẹ́yìn; mo ní ó di ọ̀la,
ẹni tó ni ín náà kì í pẹ́ dé ibi kankan.

Ọmọ odó ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.
N kò wá ìdérí.
Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi bò ó.